Òṣé Agboolé Gbórómi

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yín pé ẹni tó bá pòṣé ti kórìíra ìwé?" Ohùn Ìbíyẹmí ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. "Ẹ mú ẹni náà wá, kí n pòṣé sí i lójú, kó lè mọ bí ìkórìíra ṣe ń dún."

Dúrótolú kò gbójú sókè. Òun ni olùtọ́jú Adíwọ̀n fún gbogbo agboolé tó wà lórí ọ̀sà, ọmọkùnrin kan tó mọ́ra, tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí inú kò bí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ń fi àkísà nu iyọ̀ omi kúrò lára ẹ̀rọ náà, ó rọra ń nù ún bí ìyá ṣe ń nu imú ọmọ, ó sì ń bẹ Ìbíyẹmí, òǹkọ̀wé tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má bínú, pé òun kọ́ lòun ṣe Adíwọ̀n, pé bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ fún òun lòun ṣe bá a.

"Bí wọ́n ṣe gbé ìwọ náà kalẹ̀ fún wa nìyẹn," ni Ìbíyẹmí wí.

Iná pupa ń tàn lójú Adíwọ̀n, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìwé ṣe tẹ́ àwọn tó gbọ́ ọ lọ́rùn tó; pupa ni pé wọn kò fẹ́ ẹ, àwọ̀ ewé ni pé wọ́n fẹ́ ẹ. Àpótí ni, kò ga ju orúnkún lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní lókè, àwo pẹlẹbẹ kan sì wà níwájú rẹ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwo yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí Ìbíyẹmí bá gbé ọwọ́ lé e, ó ti gbà nìyẹn. Adíwọ̀n á tún ìparí ìwé rẹ̀ kọ, á yọ apànìyàn inú rẹ̀ kúrò, á fi ẹlòmíràn sí i, orúkọ Ìbíyẹmí á sì wà níwájú ìwé náà bí ẹni pé òun ló rò ó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá wà ní pupa títí, tó sì kọ̀ tí kò gbé ọwọ́ lé e, wọ́n á gba Ìsípẹ́kítọ̀ Akínpẹ̀lú lọ́wọ́ rẹ̀. Akínpẹ̀lú tó jẹ́ pé òun ló ṣẹ̀dá rẹ̀, òun ló fọ́ ọ lójú kan, òun ló kọ́ ọ ní orógbó jíjẹ, òfin á sọ ọ́ di ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á máa kọ ìtàn rẹ̀ lọ láìsinmi, Ìbíyẹmí kò sì ní lẹ́tọ̀ọ́ láti dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan mọ́.

Ìwé àkọ́kọ́ kò ní wàhálà kankan. *Ẹni Tó Pa Iná* ni wọ́n ń pè é. Nínú rẹ̀, Olóyè Ṣówándé kú sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìgbẹ̀bí nígbà tí wákàtí iná parí tí gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn, Akínpẹ̀lú sì wá apànìyàn títí, kò rí i. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde ni àwọn ará orí omi kò ti jẹ́ kí Ìbíyẹmí sinmi. Bó bá wa ọkọ̀ kọjá, wọ́n á ké sí i láti ojú fèrèsé pé ta ló pa Olóyè. Níbi ìsìnkú àbúrò ìyá rẹ̀ pàápàá, ẹnì kan fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó kí i kú ará-fẹ́ra-kù, ó wá bi í bóyá ìyàwó Olóyè ni.

Ìwé kejì, *Ọwọ́ Tó Mọ́*, ló dá wọn lóhùn. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́yẹni ni. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́yẹni tó ń gbẹ̀bí káàkiri orí omi, tó ń gbé oúnjẹ fún Akínpẹ̀lú, tí àwọn èèyàn ti ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ.

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù lẹ ní ó pànìyàn, ẹ̀gbọ́n," ni Dúrótolú wí. "Kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe?"

"Mo rò pé wọ́n máa pòṣé. Wọ́n sì pòṣé."

Dúrótolú na ọwọ́ sí òpó tó wà láàárín àgbàlá, níbi tí Etí so kọ́ sí. Etí kò tóbi ju èèpo àgbọn lọ, ó dúdú, ó ń dán. Nígbà kan rí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́, títí àwọn ará orí omi fi já a lulẹ̀ lára àwọn òpó, tí wọ́n jù ú sínú ọ̀sà. Nígbà tí ìjọba dá a padà, wọ́n ṣòfin lé e lórí pé kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ìmí nìkan ló ń kà báyìí, àti ikọ́, àti ẹ̀rín, àti òṣé. Dúrótolú ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó mọ́ òpó yẹn, kò tíì ka òṣé tó tó ti ọjọ́ tí wọ́n ka orí tó kẹ́yìn *Ọwọ́ Tó Mọ́*. Ó ní òṣé kan, ẹnì kan ti kẹ̀yìn sí ìwé nìyẹn. Bí Adíwọ̀n ṣe ń rò ó nìyẹn.

Ìbíyẹmí ní àwọn tó ṣe é ló ń rò ó bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tí ìtàn bá wọ̀ lára á jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni wà níbi ìdánwò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbí? Níbí, bí apànìyàn bá wọlé nínú ìtàn, wọ́n á pòṣé sí i, wọ́n á fi í bú, wọ́n á sọ fún un pé ibi tó ń lọ kò ní dáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá dákẹ́ ni kí ẹni tó kọ ọ́ sá lọ.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," ló wí. "Mo so ọkọ̀ mi mọ́ abẹ́ pákó agboolé yìí, mo jókòó sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi ń gbá àwọn dúrọ́ọ̀mù tó gbé agboolé ró, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu Màmá Fẹ̀yìntọlá tó ń kà á fún wọn, àmọ́ mo gbọ́ òṣé. Òṣé tó ń tẹ̀lé òṣé. Iná kú, wọn ò dìde. Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ìwé mi. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé wọn ò fẹ́ ẹ."

Dúrótolú ní òun gbọ́. Ó ní àmọ́ ṣebí ọ̀nà àbáyọ tí kò le ni Adíwọ̀n fún wọn. Ògúnjìmí ọlọ́kọ̀ inú ìwé yẹn ńkọ́, èyí tó wá láti òdìkejì ọ̀sà, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ràn? Tó bá jẹ́ òun ló pa Olóyè, gbogbo èèyàn á sùn dáadáa.

"Abẹ́rẹ́ ló pa Olóyè. Ògúnjìmí ò mọ abẹ́rẹ́ gún. Ọkọ̀ ló ń wà."

"Ẹ̀rọ á kọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n. Á fi í sí iṣẹ́ ológun ní orí kẹta. Wọ́n á ti kọ́ ọ níbẹ̀."

Ìbíyẹmí wò ó títí ojú fi ti ọmọkùnrin náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ti ń rò látàárọ̀. Ó ní òun fẹ́ bíbéèrè lẹ́nu.

Àkísà dúró lọ́wọ́ Dúrótolú. Bíbéèrè lẹ́nu wà nínú òfin lóòótọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè fún un. Wọ́n á pa gbogbo ohun tí Etí ti kà rẹ́. Wọ́n á kó àwọn tó gbọ́ ìwé náà jọ, wọ́n á bi wọ́n ní ojúkojú, Etí á sì máa kà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ tó bá wà lójú Adíwọ̀n nígbà tí wákàtí iná bá parí, òun ni. Kò sí ibi tí wọ́n tún lè gbé e lọ. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó tún bi í bóyá ó dá a lójú.

"Pa á rẹ́," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbọ́."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Agboolé Gbórómi ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dán gbogbo ìwé tuntun wò kó tó dé ibòmíràn lórí ọ̀sà, Ìbíyẹmí sì mọ ibẹ̀ bó ṣe mọ ilé ara rẹ̀. Ohun mìíràn ni pé akàwé wọn, Màmá Fẹ̀yìntọlá, tirẹ̀ ni. Nígbà tí *Ẹni Tó Pa Iná* jáde, gbogbo akàwé orí ọ̀sà ló sá fún un, wọ́n ní orúkọ ìwé náà lè fa àìríná. Màmá Fẹ̀yìntọlá nìkan ló gbé e, ó kà á, ohùn rẹ̀ ló sì gbé ìwé náà dé gbogbo ibi tó dé.

Àwọn èèyàn ti ń jókòó sórí ẹní àti bẹ́ńṣì ní àgbàlá nígbà tí wọ́n jáde sí wọn. Oòrùn ti rẹlẹ̀. Pátákó ìkàwé wà lórí ìdúró rẹ̀, ó funfun báláú, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ tí ojú lásán lè rí. Awò akàwé nìkan ló ń fi lẹ́tà hàn lára rẹ̀, awò kan ṣoṣo ni ìjọba sì fún agboolé kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí iná ti di ọ̀wọ́n. Ẹni tí kò bá ní awò, etí rẹ̀ ni yóò fi kàwé.

Màmá Fẹ̀yìntọlá dé lẹ́yìn gbogbo wọn. Ìdí bàsíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ló kọ́kọ́ lọ. Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó rọra ń súfèé láti àárín èjí rẹ̀, ó gbọn ọwọ́ méjèèjì, ó nà wọ́n sínú afẹ́fẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí nígbà tí wọ́n dáyé. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ kí i, Màmá sì ní kó dìde, pé pákó yẹn ti jẹrà, kó má bọ́ sómi kí wọ́n tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Etí kà á.

Dúrótolú gbé Adíwọ̀n sáàárín wọn. Ojú ẹ̀rọ náà ti di funfun, kò pupa, kò sì ní àwọ̀ ewé. Ó bi wọ́n pé àwọn wo ló pòṣé lọ́jọ́ tí wọ́n ka orí tó kẹ́yìn. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Bàbá Láníhùn, tó máa ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọṣẹ́, gbé ọwọ́ méjèèjì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ pòṣé, bàbá?"

"Ìwọ náà bi mí dáadáa," ni bàbá náà wí. Ó gbé ara rẹ̀ ró lórí bẹ́ńṣì. Ó ní inú ló bí òun. Ó ní òun jókòó síbí, oúnjẹ òun tutù sílẹ̀, ìyàwó òun ń pe òun, òun ò dáhùn, nítorí òun fẹ́ wọnú pátákó yẹn lọ kí òun gbá ìkà èèyàn yẹn létí. Ó ní bí ìwé kò bá dáa, ta ló ní àyè láti máa bínú sí i? Òun á ti lọ jẹun òun.

Ìbíyẹmí yí sí Dúrótolú, ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n pa mọ́ de ìgbà tí yóò dùn ún sọ jù.

Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀dọ́bìnrin tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, ní òun náà pòṣé títí ọmú fi bọ́ lẹ́nu ọmọ. Ẹlòmíràn ní àná ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn dáadáa. Ojú Adíwọ̀n ti ń lọ sí àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀rín ló pọ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Dúrótolú ń kùn sí ara rẹ̀ pé òun yóò kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá òun lórí ọ̀rọ̀ òṣé yìí. Ó ti ń wo Ìbíyẹmí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì.

"Kí n má tan yín," ni Bàbá Láníhùn tún wí, ó sì na ìka sí ojú omi. "Ọjọ́ tí mo bá pàdé Ògúnjìmí yẹn lórí ọ̀sà yìí, màá da ọkọ̀ rẹ̀ dé e lórí."

Ìbíyẹmí bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé ìdajì, ó dúró.

"Ògúnjìmí kẹ̀? Kí ni Ògúnjìmí ṣe?"

Wọ́n wò ó bí ẹni tó ń dá wọn lára yá. Rẹ̀mílẹ́kún ló dá a lóhùn. "Ṣebí òun ló pa Olóyè, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ibi tí ó dùn mọ́ òun jù ni ibi tí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́yẹni ti gbé àtùpà sókè, tó tàn án sí Ògúnjìmí lójú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní ilé ìgbẹ̀bí òun kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pànìyàn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè kí Ìbíyẹmí lè rí i. "Torí ẹ̀ la ṣe sọ eléyìí ní Ọmọ́yẹni."

Kò sí àtùpà kankan nínú orí tí Ìbíyẹmí kọ. Ó yíjú. Màmá Fẹ̀yìntọlá ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu awò, ó ń nù ún láti inú, ó ń nù ún láti ìta, bí ẹni pé kò sí ẹnì kan lórí omi.

"Màmá, kí lẹ kà fún wọn?"

"Èyí tó yẹ kí wọ́n gbọ́."

"Ẹ yí ìwé mi padà."

"Mo kà á."

Ìbíyẹmí ké. Ó ní òun ti ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí bá ẹ̀rọ jà nítorí ìparí ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́. Òṣé tí òun torí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, òṣé tí òun fi ń yangàn, ti ẹlòmíràn ni. Ẹnu Màmá ni Ògúnjìmí ti di apànìyàn, ẹ̀rọ náà sì fẹ́ Ògúnjìmí, kí wá ni òun wà fún? Kí ẹ̀rọ àti Màmá kúkú jọ máa kọ ọ́.

Màmá kò gbé ohùn sókè. Ó ní kó rántí pé kò sí akàwé kan lórí ọ̀sà tí kì í fò. Bí ọmọdé bá pọ̀ nílẹ̀, òun máa ń fo ibi tí wọ́n ti wọ yàrá. Gbogbo ibi tí Akínpẹ̀lú ti ṣépè nínú ìwé àkọ́kọ́, ikọ́ ni òun ń hú síbẹ̀, àwọn èèyàn sì rò pé àyà ń dun òun. Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ gbọ́ ikọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí òun má fi sílẹ̀.

"Ikọ́ yàtọ̀ sí apànìyàn, Màmá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ fún mi láwò yẹn. Màá ka tèmi fún wọn."

Màmá Fẹ̀yìntọlá dá awò dúró láàárín ìka. "Níwájú wọn?"

"Níwájú wọn."

"Èmi náà wà níbí, Ìbíyẹmí."

"Mo rí yín, mà. Ìwé mi ni."

Obìnrin náà gbé awò lé e lọ́wọ́, ó jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ìbíyẹmí fi awò sójú. Lẹ́tà rú jáde lára pátákó bí èèrà. Kò ní ohùn Màmá, àmọ́ ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí, inú tó ń bí i sì gbé ohùn tirẹ̀ dúró. Ó kà á láti ibi tí Akínpẹ̀lú ti padà wá dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, tó ń fi ojú kan ṣoṣo wo inú yàrá, tó sì wá ń fi ọkàn rí alẹ́ ọjọ́ tí Olóyè kú. Ó kà á bí Olóyè Ṣówándé ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún omi. Ó kà á bí iná ṣe kú. Ìgbà yìí ló yẹ kí òṣé àkọ́kọ́ jáde, nítorí ọwọ́ ẹni tó mú abẹ́rẹ́ ti hàn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i.

"Nọ́ọ̀sì Ọmọ́yẹni fa abẹ́rẹ́ yọ, ó tẹ ojú òkú náà dé. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí bàsíà, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó rọra ń súfèé láti àárín èjí rẹ̀. Kò wá aṣọ ìnuwọ́. Ó gbọn ọwọ́ méjèèjì, ó nà wọ́n sínú afẹ́fẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ wọ́n, bó ti máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ọmọ tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́."

Ó dúró kí wọ́n pòṣé.

Omi gbá dúrọ́ọ̀mù. Ó wo orí awò kọjá sí wọn. Kò sí ẹni tó ń wo òun. Gbogbo wọn ń wo orúnkún Màmá Fẹ̀yìntọlá, níbi tó gbé ọwọ́ lé. Bàbá Láníhùn ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Màmá, gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní itan yẹn bọ́ sí itan kejì, ọ̀nà òdìkejì. Kò mọ̀ pé òun ṣe é. Màmá mọ̀. Ó rọra kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn.

Ìbíyẹmí kà á dópin. Kò sí ikọ́, kò sí ẹ̀rín. Ó ń wá òṣé kan ṣoṣo báyìí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Kí ẹnì kan bínú sí i. Kí ẹnì kan sọ pé irọ́ ni. Bàbá Láníhùn dìde lórí bẹ́ńṣì, ó sọ fún ilẹ̀ pé oúnjẹ òun ń tutù.

Adíwọ̀n dún. Ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ewé tútù tó mọ́lẹ̀ títí ó fi tàn sára pákó.

"Ìtẹ́lọ́rùn," ni Dúrótolú wí. Inú rẹ̀ dùn fún un tọkàntọkàn. Ó ní òun kò rí irú àwọ̀ yìí rí láti ìgbà tí òun ti ń tọ́jú ẹ̀rọ. Kò sí òṣé kan, kò sí ikọ́ kan, ìmí wọn gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ẹ ti borí, ẹ̀gbọ́n."

"Wo ojú wọn."

"Kì í ka ojú, mà."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà ò lójú?"

Dúrótolú wò yíká, ó sì yára tẹjú mọ́ àkísà ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé bí wákàtí iná bá ti parí báyìí, ìwé náà á lọ fúnra rẹ̀ sí gbogbo agboolé orí ọ̀sà, bó ṣe kọ ọ́ gan-an, láìsí ọ̀rọ̀ kan tó yí. Akínpẹ̀lú á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ bó bá fẹ́, àwo yẹn ṣì ṣí sílẹ̀. Bó bá gbé ọwọ́ lé e kí iná tó kú, Adíwọ̀n á fi Ògúnjìmí rọ́pò.

"Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde," ni Màmá Fẹ̀yìntọlá wí, "wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọmọ́yẹni nídìí omi ẹ̀rọ. Mo ń dáhùn. Inú mi ń dùn."

"Ìwé ni, Màmá. Àròsọ ni."

"Ọwọ́ ta ni?"

Ìbíyẹmí yíjú sí pátákó.

"Mo bi ọ́. Ọwọ́ tó o kọ síbẹ̀ yẹn, ọwọ́ ta ni?"

Ìbíyẹmí lè sọ pé gbogbo nọ́ọ̀sì ló ń fọwọ́. Ó lè sọ pé èjí pọ̀ nílẹ̀. Inú ń bí i sí Dúrótolú àti àkísà rẹ̀. Inú ń bí i sí àwọn tó jókòó, tí wọn kò lè ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára èèyàn. Èyí tó ń bí i nínú jù ni pé orí náà dára. Kò tíì kọ ohun tó dára tó o rí, ọwọ́ yẹn gan-an ló sì mú un dára. Bí ó bá fi Ògúnjìmí rọ́pò, gbogbo ariwo tó ti pa látàárọ̀ ti di asán, ẹ̀rọ á sì kọ́ ọlọ́kọ̀ ní abẹ́rẹ́ gígún ní orí kẹta, orúkọ òun á wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá sì fi rọ́pò, kó tó di ọ̀la, kò ní sí agboolé kan lórí omi tí wọn kò ní máa wo ọwọ́ arúgbó kan.

Àwọn lẹ́tà ti ń rẹ̀wẹ̀sì lójú pátákó. Àwo Adíwọ̀n ń tàn, ó tó àtẹ́lẹwọ́ gẹ́lẹ́. Màmá Fẹ̀yìntọlá kò wo àwo náà. Ojú Ìbíyẹmí ló ń wò.

Ìbíyẹmí kó ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ apá, ó há a mọ́ra.

Iná kú. Adíwọ̀n dún lẹ́ẹ̀kan, ohùn kékeré kan tó mọ́, ìwé ti lọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò jókòó bá ẹnì kejì jà nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó kù. Wọ́n ń ká ẹní. Rẹ̀mílẹ́kún ti gbé ọmọ rẹ̀ wọlé.

Ìbíyẹmí bọ́ awò lójú. Ó nu inú rẹ̀, ó nu ìta rẹ̀, bó ṣe rí i tí Màmá ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí arúgbó náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó ní ẹ gbà á, mà. Ó ní ọ̀la náà ọjọ́ ìkàwé ni.

Ọwọ́ Màmá Fẹ̀yìntọlá kò jáde kúrò lábẹ́ ìborùn.

"Mú un dání," ló wí. "Máa kà á fún ara rẹ."